Àsè Nínú Ilé Tí Ìyàn Bí

Lọ́dún 1985, ìjọba Mathieu Kérékou nílẹ̀ Benin fún àlùfáà Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ hẹ́kítà kan ní Ouando, lápá àríwá ìlú Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ilẹ̀ náà ti ṣá, kò sẹ́ni tó ń du ú mọ́. Godfrey Nzamujo ni àlùfáà ọ̀hún ń jẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ni, ara ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Dominican ni, ó sì ti ṣe olùkọ́ yunifásítì ní Kalifọ́níà kó tó wá sí Benin. Ìyàn tó mú nílẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé àwòrán rẹ̀ wọ pálọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kúrò lọ́hùn-ún. Ó dá oko ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ti ṣá náà, ó sì pè é ní Songhaï, ó fi sọrí ilẹ̀ ọba àtijọ́ tó gbilẹ̀ létí odò Ọya. Nígbà tó fi máa di 1993, ẹgbẹ́ The Hunger Project ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí bó ṣe ń bá ebi jà.

Nínú ọgbà yìí kan náà ni ilé oúnjẹ wà.

Ẹni tó bá ti Cotonou dé, tàbí tó gba bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Èkó, lè jókòó síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹja wá, kí wọ́n gbé adìyẹ wá, ìrẹsì, dòdò, omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí ti atalẹ̀ tí wọ́n fún nínú ọgbà náà, kí wọ́n sì máa tàkúrọ̀sọ lọ títí oòrùn yóò fi yẹ àtàrí. Kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀, kì í sì í ṣe ti ọ̀sán. Àwọn òyìnbó ń pè é ní brunch. Ọ̀gbẹ́ni Guy Beringer ló kọ́kọ́ gbà á níyànjú nínú ìwé ìròyìn kan ní England lọ́dún 1895, pé kí àwọn èèyàn máa jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àwíjàre rẹ̀ ju ti adùn ẹnu lọ. Ó ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀, ó sì ń jẹ́ kí inú ẹni yọ́ sí ara ẹni àti sí ọmọnìkejì.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ìyàn bí, ṣé ó tọ́ kí á máa jẹ àsè nínú rẹ̀? Kò sí bí onígbàgbọ́ tàbí ẹni tó ní àròjinlẹ̀ ṣe lè jókòó síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà má kọjá lọ́kàn rẹ̀. Bí owó oúnjẹ ẹni méjì bá tó bọ́ ìdílé kan fún ọjọ́ mélòó kan, kí la ń pe ohun tí ẹni méjì náà ń ṣe?

Ẹni tó bi ìbéèrè yìí tó jinlẹ̀ jù láyé òde òní ni Peter Singer, ọmọ Australia tó jẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí. Àròkọ rẹ̀ jáde lọ́dún 1972, nígbà tí ogun àti ebi ti lé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn kúrò nílé ní Bengal. Ó ní bí o bá ń kọjá lẹ́bàá adágún omi, tí o rí ọmọ kékeré tó ń rì, wàá kó sómi, bó bá tiẹ̀ máa ba aṣọ rẹ jẹ́. Bí ọmọ náà bá wà lókè òkun ńkọ́? Singer ní jíjìn kò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nítorí náà, owó tí èèyàn ń ná lórí ohun tí kò pọn dandan, ẹni tí ebi ń pa ló yẹ kó lọ bá. Nínú ìṣirò rẹ̀, ẹja yíyan àti ìjókòó gígùn lọ́jọ́ Àìkú ti di aṣọ tí a ò fẹ́ kó bàjẹ́.

Àríyànjiyàn yìí le, ó sì le jù ní Ouando, nítorí níbẹ̀, ọmọ tó ń rì kò jìnnà. Ọjà Ouando tóbi, ó sì kún fún àwọn tó gbé ẹrù sórí láti ìdájí, tí wọ́n ń wá owó tí wọ́n máa fi ra ẹ̀kọ jẹ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn Singer kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé wọn kò sí.

Ìdáhùn wà, kì í sì í ṣe pé kí á má ṣàánú. Singer ka ohun tí oúnjẹ ń lé lọ, kò ka gbogbo ohun tí ebi ń kó lọ. Yorùbá pàápàá ní òwe kan tó ṣe irú àṣìṣe yìí: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe náà gbajúmọ̀, àwọn àgbà ló pa á, síbẹ̀ ó yẹ kí á jà á níyàn. Ìṣẹ́ kò tíì bùṣe. Ikùn tó yó lè jẹ́ ti ẹlẹ́wọ̀n.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé Yorùbá nígbà tí àlejò bá bá ẹni nídìí oúnjẹ. Ẹni tó ń jẹun á ní, “Ẹ wá jẹun o.” Àlejò á dáhùn pé, “Á gba ibi ire o.” Ọ̀pọ̀ ìgbà, àlejò kò ní bù ú jẹ, ìpè náà ti tó. Àmọ́ ìpè yẹn kò ṣeé pè tọkàntọkàn bí ohun tó wà nínú àwo kò bá tó ẹnì kan. Ẹni tí nǹkan kò ṣẹnuure fún a máa ti ilẹ̀kùn bó bá fẹ́ jẹun. A máa yẹra fún ilé ọ̀rẹ́ lásìkò oúnjẹ, kí wọ́n má bàa rò pé nítorí oúnjẹ ló ṣe wá. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rẹ́ á ku ọ̀kan, á ku òdo. Kí ebi tó gba ẹran ara, ó ti kọ́kọ́ gba àlejò lọ́wọ́ ẹni.

Amartya Sen, ọmọ Bengal, rí èyí. Ọmọdé ni nígbà ìyàn ńlá ọdún 1943, ó sì fojú rí àwọn tí ebi ń pa kú. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1981 lórí ìṣẹ́ àti ìyàn, ó fi hàn pé oúnjẹ wà nílẹ̀ Bengal lọ́dún náà. Àwọn tó kú kú nítorí pé kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè di ẹni tí oúnjẹ náà tọ́ sí. Nígbà tó wá ń ṣàlàyé ohun tí ìṣẹ́ jẹ́, ó ka bí èèyàn ṣe lè bá ẹgbẹ́ pé láìtijú mọ́ ohun tí ìṣẹ́ ń gbà. Bọ́rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, tábìlì ọjọ́ Àìkú tí ọ̀rẹ́ méjì jókòó tì kò lòdì sí iṣẹ́ tí Nzamujo bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń lọ. A kì í dáko kí èèyàn má ṣáà kú lásán. Wọ́n ń sin ẹja, wọ́n ń sin ehoro àti ọ̀yà, wọ́n ń fún omi èso, kí ẹnì kan lè sọ fún ẹlòmíràn pé kó wá jẹun, kó sì tó.

Àwọn ẹ̀sìn tó wà ní Àjàṣẹ́ kò bá ara wọn mu lórí ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n lórí èyí, wọ́n sún mọ́ra ju bí àwọn oníwàásù kan ṣe ń jẹ́ ká mọ̀ lọ. Nínú Àlùkùránì, súrà keje ni àṣẹ ti wá pé kí á jẹ, kí á mu, kí á má ṣe àṣejù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wáàsí máa ń dúró sí. Àyà tó tẹ̀ lé e gan-an béèrè pé ta ló ṣe àwọn ohun dáradára tí Ọlọ́run mú jáde fún àwọn ẹrú rẹ̀ léèwọ̀. Súrà kẹrìnlélógún sì ka àwọn ilé tí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ bí èèyàn bá jẹun níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àwọn ẹbí mìíràn, ilé ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Al-Ghazali, tó kú lọ́dún 1111, ya odidi ìwé kan sọ́tọ̀ fún ìwà ọmọlúàbí nídìí oúnjẹ nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀. Aláàwẹ̀ ni, kò fẹ́ràn kí ikùn kún. Síbẹ̀ ó mú ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ìṣáájú wá pé kí èèyàn jókòó pẹ́ bó bá ń bá àwọn arákùnrin rẹ̀ jẹun, nítorí àsìkò yẹn kì í sí lára ọjọ́ orí tí a máa bi í léèrè.

Lọ́dọ̀ àwọn Kristẹni, Thomas Aquinas tó kú lọ́dún 1274 ló ro ọ̀rọ̀ náà já jù. Ẹgbẹ́ Dominican lòun náà, bíi Nzamujo. Ó ní ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà ṣẹ̀ sínú wọ̀bìà: kó jẹun kí àsìkò tó tó, kó máa wá èyí tó wọ́n jù, kó jẹ àjẹjù, kó máa fi ìwàǹwára jẹ ẹ́, kó máa yọ alásè lẹ́nu pé àfi bí wọ́n bá sè é báyìí. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀kan péré nínú márààrún ló jẹ mọ́ ìwọ̀n oúnjẹ. Èèyàn lè jẹ ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú wọ̀bìà. Ohun tí àwọn kan kì í rántí ni pé Aquinas tún dá ẹni tó bá kórìíra ìgbádùn pátápátá lẹ́bi, ẹni tó kọ ohun tí ara nílò nítorí pé ó dùn. Ó pe ìyẹn náà ní ìwà burúkú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó le ju ti Aquinas lọ. Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí kẹrìnlá, Jésù sọ fún ẹni tó pè é wá jẹun pé bó bá se àsè, kó má pe àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn aládùúgbò olówó tó lè pe òun náà padà; kó pe àwọn tálákà, arọ àti afọ́jú. Ọ̀rọ̀ yìí kò fi àyè gba àlàyé kíákíá. Ó kan ẹni méjì tó jókòó ní Ouando gbọ̀ngbọ̀n. Orí kẹrìndínlógún ìwé náà tún fi kún un pẹ̀lú ìtàn ọlọ́rọ̀ tó ń jẹ àsè lójoojúmọ́ nígbà tí Lásárù ń ṣàìsàn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìtàn náà kò ní ọlọ́rọ̀ náà jalè. Kò ní ó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló kọjá lójoojúmọ́, Lásárù sì wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá ka orí méjèèjì pọ̀, kò jọ pé Jésù, tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ pè ní alájẹkì nítorí pé kì í kọ àsè, lòdì sí àsè. Ohun tó lòdì sí ni àsè tó ti di òwò: mo bọ́ ọ, kí o lè bọ́ mi. Èyí tún gbé ẹrù lé ọ̀rẹ́ lọ́rùn, nítorí ọ̀rẹ́ pẹ̀lú lè di oníbàárà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń yọjú ni nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé owó dé. Ká fojú inú wo obìnrin méjì: ọ̀kan ń ta aṣọ lọ́jà Ouando, mùsùlùmí ni, èkejì jẹ́ olùkọ́, ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi Láti Ọ̀run Wá, ìyẹn Sẹ̀lẹ́. Àjàṣẹ́ gan-an ni Samuel Oschoffa, káfíńtà, ti dá ìjọ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ìjọ náà sì ka ọtí àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀. Nítorí náà, àwọn méjèèjì kò ní í jà lórí ohun tí wọ́n máa jẹ. Ohun tí wọ́n máa jà lé lórí ni ẹni tó máa sanwó.

“Àlájà, èmi ni mo máa san án lónìí.”

“Ìyá Ìbejì, ẹ má dójú tì mí. Ẹ̀yin náà lẹ san èyí tó kọjá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ẹ jẹ́ n ṣe é.”

Ìjà yìí dùn-ún gbọ́, àmọ́ àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Bí ọjà Àlájà kò bá tà fún oṣù mẹ́ta, tí owó wà lọ́wọ́ olùkọ́ nìkan, a ó mọ ohun tí ọ̀rẹ́ wọn jẹ́. Bí wọ́n bá tún ń jókòó pọ̀, tí ẹni tó ń san kò ka iye, tí ẹni tí wọ́n ń san fún kò sì máa fojú pamọ́, a jẹ́ pé àsè náà ti kúrò nínú èyí tí Lúùkù bá wí. Ìwọ̀n tó yẹ kí á fi wọn oúnjẹ ńlá nìyẹn: ṣé ọ̀rẹ́ tí kò ní ṣì lè wá?

Epicurus, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó kọ́ni ní Atẹ́nì, tó gbé ayé láàárín ọdún 341 sí 270 ṣáájú ìbí Jésù, mọ èyí. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ń pe àwọn tó fẹ́ràn ìgbádùn oúnjẹ. Ó sì kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kó fi wàràkàṣì ìkòkò kékeré kan ránṣẹ́, kí òun lè jẹ àsè lọ́jọ́ tó bá wu òun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Benin, wàgàṣì, ìyẹn wàràkàṣì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe, tí wọ́n fi ewé ọ̀kà bàbà kùn ní pupa, wà lọ́jà káàkiri. Ẹni tó bá dín in, tó fi ata àti tòmátò sè é, tó bu àkàsà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti jẹ oúnjẹ tí Epicurus ì bá fi ọwọ́ méjèèjì gbà. Seneca ará Róòmù ló gbé ọ̀rọ̀ mìíràn tí Epicurus sọ dé ọ̀dọ̀ wa: kí èèyàn tó wá ohun tó máa jẹ, kó kọ́kọ́ wá ẹni tó máa bá jẹ ẹ́.

Ohun kan tún wà ní Songhaï tó yẹ kí ẹni tó jẹun yó níbẹ̀ lọ fojú rí. Ìfun adìyẹ àti ìdọ̀tí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran kì í lọ sí ààtàn. Wọ́n ń kó o síbi tí eṣinṣin á ti yé sí i, ìdin á jáde, wọ́n á kó ìdin náà fún ẹja àti adìyẹ jẹ. Wọ́n ń rọ́ ìgbẹ́ ẹran sínú ihò tí kò gba atẹ́gùn, ó ń mú gáàsì ìdáná jáde. Ewéko tó máa ń bo ojú ọ̀sà, tó ń dí ọkọ̀ lọ́nà, wọ́n ń sọ ọ́ di ajílẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu kan ń wọ ẹnu mìíràn. Ẹni tó bá rí i lè rò pé òun lè ṣẹ́ oúnjẹ kù bó ṣe wù ú, nítorí kò sí ohun tó ń ṣòfò.

Èrò yẹn kò tọ̀nà. Ọgbọ́n yìí gba ẹja là, kò gba ẹni tó jẹ ẹja náà là. Ẹja tí wọ́n sin fún oṣù, tí ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ jí ní kùtùkùtù láti bọ́, tí wọ́n bu ẹnu kan jẹ nínú rẹ̀ nítorí àtiya fọ́tò, lè padà di ìdin, kí ìdin padà di ẹja. Àmọ́ iṣẹ́ ọ̀dọ́ náà kò padà. Ẹni tó bá ń jẹun lẹ́bàá oko tó ti wá kò ní àwáwí pé òun kò mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ó lè rìn dé ibẹ̀, kó kí i kú iṣẹ́.

Àwọn babaláwo àti àwọn oníṣẹ̀ṣe Àjàṣẹ́ ní ọ̀nà tiwọn. Bí ẹbọ bá ní ẹran nínú, a máa ń pín in. Ti òrìṣà, ti ará ilé, ti àwọn tó kọjá. Bí àgbà bá fẹ́ jẹun, ó lè já díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Èyí kúrú, ṣùgbọ́n ó mú ẹni tí kò sí nídìí àwo wá sídìí àwo kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè.

Ó wá ku àwọn tí wọ́n ń gbé ẹrù lọ́jà, tí Singer ń bi wá léèrè nítorí wọn. Lójoojúmọ́, alájọ máa ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lọ́jà bíi ti Ouando. Káàdì kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dá àjọ, ojú 31 ló wà lórí rẹ̀, alájọ á máa sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bó bá ti gba owó. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ ń jáde nínú ìyókù, owó ọjà náà ń jáde nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ mìíràn tún wà tó jẹ́ pé nítorí ìparí ọdún nìkan ni wọ́n ṣe ń dá a: àpò ìrẹsì, òróró, tòmátò inú agolo, adìyẹ. Obìnrin tó ń ta ata ń yọ owó díẹ̀ lójúmọ́ láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, kí ilé rẹ̀ lè kún lọ́jọ́ ọdún, kí àwọn ọmọ àti àwọn aládùúgbò jẹ, kí wọ́n ṣẹ́ kù. Owó yẹn ì bá ra oògùn. Ì bá ra ẹ̀kọ fún ẹni tí ebi ń pa jù ú lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju onímọ̀ kankan lọ, nítorí ó ń gbé láàárín wọn, àwọn náà sì wà lára àwọn tó máa pè wá jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún un pé àsè rẹ̀ jẹ́ àṣejù, kó lọ dúró síwájú ìsọ̀ rẹ̀, kó wí i lójú rẹ̀, kó sì gbọ́ ohun tó máa fi dá a lóhùn.